Ikú Oníbéèrè Nínú Ilé Igun

Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà mọ́ tónítóní.

Ohun tí Ìyá Sùúrù kọ́kọ́ rí nìyẹn. Kò tíì wo ojú òkú. Kò tíì wo àtẹ̀gùn tí wọ́n ní ó ti jábọ́. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé igun, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ méjì tó mọ́ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn.

Bẹ́ẹ̀, eruku ló kún ilẹ̀ ilé náà. Eruku tó nípọn débi pé ipasẹ̀ eku hàn lórí rẹ̀.

"Ó yọ̀ ṣubú ni, Màmá," ni dírẹ́bà rẹ̀ wí. Ọlọ́pàá ni òun náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló ń wà fún un.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Àtẹ̀gùn rèé, òkú rèé."

"Ebi ń pa ẹ́, àbí?"

"Ẹ̀n... díẹ̀, Màmá."

"Jẹ́ kó pa ẹ́ díẹ̀ sí i. Wo bàtà rẹ̀."

Bàtà náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n tò ó pọ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn fẹ́ wọ pálọ̀ ẹni tó bọ̀wọ̀ fún.

"Ta ló ń bọ́ bàtà wọ ilé tí eku ń gbé?"

Dírẹ́bà wo bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìyá Sùúrù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọbìnrin tín-ín-rín ni ọmọ tó kú náà, irú èyí tí gbogbo àgbà máa ń sọ fún pé kó jẹun dáadáa. Ó dirun kéékèèké. Ẹ̀rún funfun kan wà láàárín irun náà. Ìyá Sùúrù fi ìka gbọ́n ọn, ó wò ó, ó sì gbójú sókè. Pákó dúdú ni wọ́n fi ṣe àjà orí àtẹ̀gùn náà látayébáyé. Kò sí funfun kankan lára rẹ̀.

Òórùn kan sì gba gbogbo ilé. Kì í ṣe òórùn òkú, òkú kò tíì pẹ́. Òórùn páìpù ni, èyí tó máa ń ti inú balùwẹ̀ jáde. Gbogbo fèrèsé wà ní títì.

Wọ́n ń pè é ní Ìyá Sùúrù ní tèṣọ̀n nítorí kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó máa ń jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán lẹ́nu rẹ̀, á wá dákẹ́ síwájú ẹni náà. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti jẹ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ọmọ tó kú yìí. Iṣẹ́ họlidé ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tó máa ń ra ilé àtijọ́, tí wọ́n á tún un ṣe, tí wọ́n á sì tà á fún àwọn tó fẹ́ fi owó wọn sórí ilé. Ó wu òun náà kó di ẹni tó ń ra ilé, tó ń ta ilé. Wọ́n sọ ọ́ ní Oníbéèrè níbi iṣẹ́, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kí ló dé tí ilé yìí fi wọ́n ju tọ̀hún lọ? Kí ló dé tí ògiri yìí fi sán? Àwọn wo ló ń gbé ibí kó tó ṣófo?

Bàbá rẹ̀ dé nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e sọ́kọ̀.

Bàbá Akunlé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ilé iṣẹ́ yẹn gan-an ló ń bá kun ilé, òun ló sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ọmọ òun fún họlidé. Ìyá ọmọ ti kú láti kékeré. Ọ̀dà ló fi bọ́ ọ, ọ̀dà ló fi rán an nílé ìwé. Ọ̀dà ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ nígbà tó kúnlẹ̀ tì í.

Kò sunkún. Ọrùn aṣọ ọmọ náà ló ń tún ṣe, bí ẹni pé ọmọ fẹ́ jáde.

"Ṣé ẹ̀yin ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Wọ́n ní ó ṣubú. Ọmọ mi kì í ṣubú. Láti ìgbà tó ti ń rákòrò ló ti ń gun àkàbà mi. Ẹ bá mi wá ẹni tó ṣe é, Màmá. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ nìyẹn. Ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Bó ti wù kó rí, ẹ sọ ọ́ sí mi létí."

Ìyá Sùúrù kì í ṣèlérí fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Iṣẹ́ yìí ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà lára aṣọ yẹn, ó sì gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Màá sọ ọ́ fún yín, Bàbá. Mo ṣèlérí."

*

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Sùúrù lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà. Yàrá gbọọrọ ni, fọ́tò ilé ló kún ara ògiri, kọ́kọ́rọ́ ilé kọ̀ọ̀kan sì so rọ̀ lórí ìṣó lábẹ́ fọ́tò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì tó ń ṣiṣẹ́ họlidé níbẹ̀ ló kọ́kọ́ pè. Onígíláàsì ni wọ́n ń pè é, torí gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò.

"Ìwọ lo rí i?"

"Èmi ni, Màmá. Kò wá jẹun ọ̀sán. Kì í fi oúnjẹ ọ̀sán ṣeré. Ni mo bá lọ wá a."

"Ṣé ẹ rẹ́?"

"A rẹ́. A tún máa ń jà."

"Nítorí kí ni?"

"Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbà síṣẹ́ lẹ́yìn họlidé. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé òun ni." Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún, ojú rẹ̀ sì rí kékeré láìsí i. "Mo sọ fún un lọ́jọ́ Ẹtì pé ẹnu ẹ̀ ló máa pa á. Ó béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá lójú gbogbo wa pé, kí ló ṣe ilé onílẹ̀kùn búlúù tí wọ́n fi tà á fún wa ní ọ̀pọ̀ báyẹn? Ọ̀gá lé e jáde. Ni mo bá ní ẹnu ẹ̀ ló máa pa á. Eré ni mo ń ṣe, Màmá. Ẹ dákun, eré ni."

"Níbo lo wà láàárọ̀ àná?"

"Èmi àti sọ̀fẹ́yọ̀ lọ wọn ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Ẹ bi í. Ó fi mí ṣe alárù ni, èmi ni mo gbé gbogbo irinṣẹ́ ẹ̀."

"Oníbéèrè ńkọ́? Kí ni iṣẹ́ tiẹ̀?"

"Omi dídà."

"Irú omi wo?"

Ojú ọmọ náà là díẹ̀. Ó hàn pé ó fẹ́ràn ohun tó fẹ́ ṣàlàyé. "Ṣé ẹ mọ ihò tí omi ń gbà lọ nínú síńkì àti balùwẹ̀? Omi díẹ̀ máa ń dúró níbi tí páìpù ẹ̀ ti tẹ̀. Omi yẹn ló ń dí òórùn mọ́lẹ̀. Páìpù àwọn ilé àtijọ́ yìí ti ń jò, bí ẹnikẹ́ni ò bá dé ibẹ̀ ní Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, bíi tàná, omi ti lọ, òórùn ti gòkè. Ẹni tó fẹ́ ra ilé, bó bá ti fa òórùn yẹn símú, ó tán. Ìyẹn la ṣe máa ń gbé kẹ́tùlù kiri. Ẹ da omi sójú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bọ́ sí ilé tó kàn. Ilé onílẹ̀kùn búlúù la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ilé igun la fi ń parí."

"Nínú ilé kan, ibo lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀?"

"Ìsàlẹ̀. Kíṣìnì, balùwẹ̀ ìsàlẹ̀, ká tó gòkè."

"Kẹ́tùlù mélòó lẹ ní?"

"Ẹyọ kan, aláwọ̀ ewé."

"Ṣé ẹ máa ń bọ́ bàtà?"

"Ní ilé onílẹ̀kùn búlúù nìkan, torí kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Àǹtí Ilé lè torí ẹ̀ gba èèyàn létí. Ilé igun kẹ̀? Ẹ bọ́ bàtà níbẹ̀, kí eku gbé e lọ?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà yí padà lẹ́nu rẹ̀, ló bá bú sẹ́kún.

*

Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ náà kò jókòó. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, fóònù ń dún lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pa á lẹ́nu mọ́.

"Ìyáàfin, ọmọ dáadáa ni. Ó dùn mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó yọ̀ ṣubú. Kí lẹ tún ń wá?"

"Ẹ lé e jáde nínú ìpàdé."

"Ẹnu ẹ̀ pọ̀! Ọmọ họlidé tó ń bi mí bí mo ṣe ra ilé. Ṣé mo tìtorí ìyẹn pa á?"

"Ibo lẹ wà láàárọ̀ àná?"

"Hòtẹ́ẹ̀lì. Mo ń dúró de àlejò tó fẹ́ ra ilé onílẹ̀kùn búlúù. Èmi àti ẹ̀ la jọ dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, Àǹtí Ilé sì fi gbogbo yàrá hàn án."

"Ṣé ó rà á?"

"Ẹ má fọwọ́ kan egbò yẹn." Ọ̀gá dúró wàyí. "Gbogbo ìsàlẹ̀ ló wù ú, orí ló ń mì. Ó gòkè, ó kàn fimú kan balùwẹ̀ òkè, ó ní ó ń rùn. Ó ní òun ń lọ ronú. Ẹni tó bá ní òun ń lọ ronú, ó ti lọ nìyẹn."

"Òkè nìkan ló ń rùn?"

"Òkè nìkan. Ìyáàfin, ikú lẹ wá wádìí àbí òórùn?"

"Mi ò tíì mọ ìyàtọ̀ wọn, Ọ̀gá."

Ẹni kẹta tó rí ni Àǹtí Ilé. Obìnrin yìí ló ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ kí àlejò tó dé, òun náà ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó wú.

"Ọmọ mi ni, Màmá," ló wí. "Mi ò bímọ, ẹ bi wọ́n wò. Gbogbo nǹkan tí mo mọ̀ nípa ilé ni mò ń dà sí i lórí. Mo máa ń sọ fún un pé, wo ilé bíi dókítà, má wò ó bí àlejò."

"Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?"

"Àárọ̀ àná. Mò ń kọjá lọ níwájú ilé igun. Ó wà lójú fèrèsé, kẹ́tùlù ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó juwọ́ sí mi." Ó fi aṣọ bo ojú. "Mo juwọ́ padà."

"Ó ṣí fèrèsé?"

"Ó ṣí i gbayawu. Ó ń da omi, bó ṣe máa ń ṣe é."

Ìyá Sùúrù ń wò ó. Àǹtí Ilé ń sunkún, ẹkún náà kì í sì í ṣe ẹkún irọ́. Ohun tó ń da ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ láàmú nìyẹn.

Dókítà tó yẹ òkú wò kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ náà jábọ́ láti ibi gíga, ó fi ẹ̀yìn balẹ̀. Egungun ìhà rẹ̀ dá, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú rẹ̀. Ẹ̀rún pílásítà ló wà lórí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà.

"Ṣé ó kú lójú ẹsẹ̀?"

Dókítà mi orí. "Rárá. Ó pẹ́ díẹ̀. Ká ní wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa láàárọ̀ ni..."



*

Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé onílẹ̀kùn búlúù. Ọmọńdinrín ẹsẹ̀ dírẹ́bà yọjú nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó ẹ ò lábẹ́rẹ́ ni?"

"Ó ní, Màmá. Èmi ló ní kí n fi rán an."

Ilé náà rẹwà. Àga olówùú, àwòrán lára ògiri, kápẹ́ẹ̀tì tó rọ̀ bíi búrẹ́dì. Ìyá Sùúrù lọ sí kíṣìnì tààrà. Kẹ́tùlù aláwọ̀ ewé wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti jìn wọnú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ojú síńkì, ó fimú fà á. Kò rùn. Ó wọ balùwẹ̀ ìsàlẹ̀. Kò rùn.

Ó padà sí pálọ̀, ó sì dúró láàárín rẹ̀.

"Kí lò ń gbọ́, Dírẹ́bà?"

"Ọ̀dà. Ọ̀dà tútù."

"Gbójú sókè."

Àjà pálọ̀ funfun láti ìkángun dé ìkángun. Ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tó funfun ju ìyókù lọ. Dírẹ́bà gun àga, ó fi ìka kàn án. Ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Wọ́n gòkè. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ balùwẹ̀ òkè ni òórùn ilé igun tún pàdé wọn, òun gan-an.

"Ó da omi sísàlẹ̀," ni Ìyá Sùúrù wí jẹ́jẹ́. "Kò dé òkè. Ó gbé kẹ́tùlù dání, kò sì dé balùwẹ̀ yìí." Ó wo kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ wọn. "Rọra sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ká a."

Pákó abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ti dúdú, ó ti rà. Èèyàn lè fi ọwọ́ rún un. Láàárín rẹ̀ ni pákó tuntun kan wà, ìṣó rẹ̀ ń dán.

Dírẹ́bà lẹ ẹ̀yìn mọ́ ògiri. "Níbí ló ti jìn?"

"Níbí. Wọn ò tíì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì débí nígbà yẹn. Ó já pákó, ó já àjà, ó balẹ̀ ní pálọ̀. Ẹnì kan sì gbé e kúrò níbẹ̀ lójú mọmọ. Ẹni náà gbàgbé pé ọmọ yẹn ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ibí. Nígbà tó rántí, ó gbé bàtà náà lọ, ó tò ó sílẹ̀ bó ṣe bá a."

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan kọjú sí ilé náà. Onígbàjámọ̀ ń fá orí oníbàárà lọ́wọ́, kò sì dá abẹ dúró nítorí ọlọ́pàá.

"Mi ò rí nǹkan kan, Màmá. Àárọ̀ lásán ni. Ọmọbìnrin yẹn wọlé. Àǹtí Ilé wọlé. Àǹtí Ilé ti ọmọlanke jáde."

"Ọmọlanke?"

"Èyí tí wọ́n fi ń kó àga. Àga kan náà ni wọ́n ń kó láti ilé dé ilé, gbogbo wa ti mọ̀ wọ́n tán, ó kù ká máa kí wọn." Oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká ló wà lórí ẹ̀ lánàá. Táyà ẹ̀ há sí gọ́tà. Bàbá Akunlé ń bọ̀ wá síbi iṣẹ́, òun ló bá a gbé e rékọjá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá yẹn."

Ìyá Sùúrù di fírémù ilẹ̀kùn mú. "Ọ̀nà ibo ló gbà?"

"Ọ̀nà ilé igun."

*

Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Akunlé sí ilé onílẹ̀kùn búlúù. Kò fẹ́. Ká ní ó lè rán ẹlòmíràn ni, ì bá rán an.

"Bàbá, ta ló kun ibí yìí?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀ kíá. "Èmi ni mo kun gbogbo ilé yìí."

"Ìgbà wo lẹ kun ibi tó tutù yẹn?"

Ó ń ha ọ̀dà kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Bàbá."

"Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìyẹn, Màmá. Kò kan ikú ọmọ mi."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ náà."

"Wọ́n bẹ̀ mí kí n má sọ." Ó ń fọwọ́ pa ọwọ́. "Lánàá ni. Àǹtí Ilé pè mí lórí fóònù láàárọ̀. Ó ní ẹni tó ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ti fẹsẹ̀ jìn sínú pákó òkè, àjà ti já, àlejò sì ń bọ̀. Mo ti mọ̀ pé pákó ibẹ̀ ti rà, Màmá. Nígbà tí wọ́n ra ilé yìí, èmi ni mo kun àbàwọ́n tí òjò ṣe sára àjà. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ọmọ mi. Ó ní bí ilé yìí bá tà, ọmọ mi ni òun máa fi sípò yẹn."

"Ẹ ò sọ fún ọmọ yín?"

"Ó máa béèrè. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ó máa béèrè lọ́wọ́ àlejò gan-an." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Mo dé ibí, wọ́n ti gbá ilẹ̀. Mo kan pákó, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e, mo dí àjà, mo fi ọ̀dà kùn ún. Mo béèrè ọmọ mi. Àǹtí Ilé ní òun ti rán an lọ sí ilé igun. Mo ní ó dáa, àwa méjèèjì máa jọ relé. Mo..."

Ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀, sí ibi tó funfun ju ìyókù lọ. Ó ń wò ó. Ìyá Sùúrù rí ìgbà tó yé e. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n pa iná nínú yàrá.

"Kì í ṣe ẹni tó ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì," ló wí.

"Rárá, Bàbá."

Ó fẹ́ gun àga lọ síbi tó funfun náà. Dírẹ́bà ló dì í mú.

*

Àǹtí Ilé jókòó ní tèṣọ̀n, ó fi àpamọ́wọ́ rẹ̀ sórí itan.

"Ẹ ní ẹ rí i lójú fèrèsé ilé igun," ni Ìyá Sùúrù wí. "Fèrèsé ilé yẹn wà ní títì. Ẹ ní kẹ́tùlù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kẹ́tùlù kan ṣoṣo tí ẹ ní wà ní kíṣìnì ilé onílẹ̀kùn búlúù, ó ti jìn. Ẹ ní ó da omi. Ilé igun ń rùn, ẹnikẹ́ni ò da omi kankan síbẹ̀. Eruku ò sí ní àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀, torí kò fẹsẹ̀ rìn wọlé. Orí ọmọlanke yín ló gbà dé ibẹ̀, nínú kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin lẹ ṣe é, Àǹtí."

Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

Obìnrin náà wo ògiri. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò tì í," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo dé, mo bá a nílẹ̀ pálọ̀. Mo rò pé ó ti kú. Mo ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ pé kí n fi ká a, ó bá la ojú."

"Ó sọ̀rọ̀?"

"Ó ní, 'Àǹtí, ẹ pe bàbá mi.' Mo ní ó ń bọ̀. Mi ò parọ́ fún un. Mo ti pè é kó wá tún àjà ṣe."

Dírẹ́bà tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ gbé bírò kúrò lórí ìwé.

"Kí ló dé tí ẹ ò pe dókítà?"

"Dókítà á béèrè ibi tó ti ṣubú." Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń fi ilé han àwọn èèyàn, Màmá. Ilé àwọn ẹlòmíràn. Mi ò ní yàrá kan. Èyí ni àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá fún mi ní ìpín nínú ẹ̀, gbogbo ohun tí mo ní wà nínú ẹ̀. Mo ní kí n fi ilé han àlejò ná, ká tó gbé e lọ sí ọsibítù. Mo ní kò ní pẹ́. Mo bò ó ní ilé igun, mo ní kó fara balẹ̀. Àlejò yẹn ò yéé béèrè nǹkan. Ìgbà tí mo padà débẹ̀..." Ó mi orí. "Mo gbé e sídìí àtẹ̀gùn. Mo to bàtà ẹ̀."

"Àlejò ò ra ilé."

"Kò rà á."

"Ṣé ẹ mọ ìdí ẹ̀?"

"Ọ̀gá ní òórùn ni."

"Balùwẹ̀ òkè. Ọmọ yẹn ló ń lọ da omi síbẹ̀."

Ìgbà náà ni Àǹtí Ilé ké, igbe tó mú kí àwọn ọlọ́pàá inú yàrá kejì sáré wá.

*

Bàbá Akunlé wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú tèṣọ̀n. Oòrùn mú, kò sì sún sábẹ́ òrùlé. Ìyá Sùúrù jókòó tì í. Ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀pọ̀ àwọn tí kò yẹ kó sọ òtítọ́ fún, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti bẹ̀ ẹ́.

Ó sọ fún un. Pákó, kápẹ́ẹ̀tì, àlejò, ilé igun. Ó ń wá ọ̀nà tó máa gbà fo ọmọlanke.

Ọkùnrin náà kò jẹ́ kó fò ó.

"Táyà ẹ̀ há sí gọ́tà," ló wí. "Èmi ni mo bá a gbé e."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo ní, 'Àǹtí, kápẹ́ẹ̀tì yìí mà wúwo o.' Ó rẹ́rìn-ín." Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. "Ṣé ó ṣì wà láàyè nígbà yẹn?"

Ìyá Sùúrù lè sọ pé òun ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi í.

"Ó ṣì wà láàyè."

Bàbá Akunlé mi orí, lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọ̀dà tó máa gba ilé fún. Lẹ́yìn náà ló dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì papọ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ mú mi."

"Bàbá, ẹ jókòó."

"Mo mọ̀ pé pákó yẹn ti rà. Mo kùn ún. Mo jẹ́ kó máa lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Mo gbé e fún Àǹtí rékọjá gọ́tà. Ẹ kọ orúkọ mi mọ́ ti Àǹtí Ilé."

"Ẹ ò mọ̀ pé òun ló wà níbẹ̀. Òfin ò lè mú yín nítorí ohun tí ẹ ò mọ̀."

"Òfin ò lè mú mi?"

"Kò lè mú yín, Bàbá."

Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níwájú. Àwọn èèyàn ń kọjá lójú ọ̀nà, wọ́n ń wò ó.

"Ta ló wá máa mú mi, Màmá?"

Gbogbo ayé rẹ̀, Ìyá Sùúrù ló máa ń dákẹ́ kí ẹlòmíràn lè sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wá ọ̀rọ̀ kiri, kò rí ọ̀kan. Ó dìde, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ di ọwọ́ méjèèjì náà mú, ó sì rọra fà wọ́n sísàlẹ̀.